Èjìká Ọdẹ́sànmí àti Ìlú Abẹ́ Omi

Ẹ súnmọ́ ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Ẹni tí obì wà lẹ́nu rẹ̀ kó tètè gbé e mì, ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu kó wú u tán báyìí, nítorí èmi Akíntúnlẹ̀ àgbà ọdẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ìtàn gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bá àǹjọ̀nnú jìjàkadì tí mo sì gba fìlà orí rẹ̀. Èmi ni ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tó yà sínú igbó fún mi tó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn." Bó bá jẹ́ pé ìgboyà tèmi ni mo fẹ́ sọ ni, ibí la ó sùn. Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́sànmí ni, ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ọkùnrin náà kì í sì í purọ́. Irọ́ pípa inú ẹgbẹ́ wa, ọwọ́ mi ló wà. Ìtàn ìbànújẹ́ ni, mo sì ti sọ fún yín kí ẹ má baà sọ pé mo tàn yín jókòó.

Nígbà tí Ọdẹ́sànmí wà ní ọ̀dọ́, kò sí ẹranko tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní ṣe bí ẹni tó rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú, tó lè bá ọkọ rẹ̀ wí kí ọkọ náà sì máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà obìnrin àdúgbò fi ń yọ ṣùtì sí wọn. Ní ọjọ́ kan ọkùnrin yìí gun igi apá láti ṣọ́ àgbọ̀nrín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ mọ́ ẹ̀ka, gbogbo ara rẹ̀ sì wá so rọ̀ sórí apá kan ṣoṣo náà. Orí egungun apá bá yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, ó lọ dúró síwájú àyà rẹ̀ bí ẹyin tí ènìyàn fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Igi apá ló yọ ọ́ lápá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Àwa tí a jọ wà nínú igbó fà á, ó padà wọlé. Àgbà tó wà láàrin wa fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní, "Ọmọ mi, egungun ti wọlé, ṣùgbọ́n àwọn okùn tó dì í mú ti fà ya. Jẹ́ kí apá yìí sinmi títí òṣùpá mìíràn yóò fi yọ tí yóò sì wọ̀. Lẹ́yìn náà, lọ bá teegunteegun, ẹni tó ń to egungun, kí ó kọ́ apá náà ní iṣẹ́ rẹ̀ padà." Ọdẹ́sànmí ní òun ti gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ kò mọ àṣà kan tí àwa ní. Ní ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún wa, ọdẹ kọ̀ọ̀kan yóò fi ọwọ́ kan na ìbọn sókè, yóò sì yìn ín sí ojú ọ̀run. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kejì ti ìbọn nídìí, abiyamọ la ó máa pè é títí ọdún yóò fi yípo, a ó sì máa bi í pé ọmọ ńkọ́. Òṣùpá tí àgbà sọ kò tíì dé ìdajì nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé. Ọdẹ́sànmí tú aṣọ kúrò lọ́rùn, ó na ìbọn sókè, ó yìn ín. Ìró ìbọn dún, èjìká náà sì yẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀yìn igi, ó tì í padà fúnra rẹ̀, ó sì jáde wá bá wa pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu àti òógùn lójú. A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni èjìká yẹn ti di ilẹ̀kùn tí kò ní ìdábùú. Bí ó bá ń wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, á yẹ̀. Bí ó bá na ara lórí ẹní láàárọ̀, á yẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ Ọdẹ́sànmí tó pẹpẹ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó tó gbé nǹkan kúrò lórí rẹ̀, èjìká á ti lọ.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, ẹ rò pé mi ò rí yín lẹ́yìn àká lánàá? Ẹ lọ rí teegunteegun."

"Àwẹ̀ró, ilẹ̀kùn lásán ni. Bó bá ṣí, mo ń tì í."

"Ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ̀yin mọ ọjọ́ tí olè yóò gba ibẹ̀ wọlé?"

"N ó lọ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé."

Àwẹ̀ró pòṣé, ó ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ọkọ òun ń sọ yìí, ó dà bíi pé kò sí nínú ọdún. Ọdẹ́sànmí rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Òjò ọdún náà pọ̀. Odò Ajíṣàn kún dé abẹ́ igi tí a tẹ́ láti fi ṣe afárá. Àwọn méjèèjì ń bọ̀ láti oko, Ọdẹ́sànmí ṣíwájú, Àwẹ̀ró sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀fọ́ lórí. Ó gbọ́ tí agbọ̀n já sómi. Nígbà tó yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ ti wà nínú odò dé ọrùn, ó ń na ọwọ́. Ó dùbúlẹ̀ lórí igi náà, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ má jẹ́ kí n lọ o."

Ó ní, "Mo ti dì ọ́ mú."

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí èjìká fi yẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá ṣe rí kò ní mọ̀: bí egungun yẹn bá jáde, ńṣe ni ọwọ́ ń kú. Kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ fún ìka tí yóò gbọ́. Ọdẹ́sànmí rí ìka ara rẹ̀ tó ń ṣí, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń ṣí. Omi gba Àwẹ̀ró lọ lójú rẹ̀.

A wá odò náà títí. A da àwọ̀n, a lúwẹ̀ẹ́, a rìn dé ibi tí Ajíṣàn ti pàdé odò mìíràn. A kò rí aṣọ, a kò rí ara. Ọdẹ́sànmí jókòó sí etí omi, kò jẹun, kò sùn. Ìyá arúgbó kan tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ló wá bá a. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde. Ẹni tí odò Ajíṣàn bá pa, ó ń gbé e padà. Ẹni tí kò bá gbé padà, ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ìlú kan wà lábẹ́ omi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lẹ́yìn igbó tí kò lórúkọ. Ọwọ́ tó tú ènìyàn sílẹ̀ nìkan ló lè fa ẹni náà jáde níbẹ̀." Bí ọkùnrin náà ṣe gbé ìbọn àti àdá rẹ̀ nìyẹn, tó forí lé igbó. Kò dúró gbọ́ ohun tí arúgbó náà fẹ́ fi kún un.

Àwa ọdẹ kì í sọ bí ọ̀nà ti jìn tó, nítorí ẹni tó bá ń ka ọ̀nà kò ní dé. Igbó tí kò lórúkọ ni mo ń bá yín lọ. Níbẹ̀, igi a máa wúkọ́, òkúta a sì máa bi ẹni tó bá jókòó lé e pé ṣé kò rí ibòmíràn jókòó sí ni. Ọdẹ́sànmí ń lọ láàrin wọn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, títí iwin kan tí a ń pè ní ọ̀rọ̀ fi dìde sí i lójú ọ̀nà. Alápákan lorúkọ rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ló ní, àárín àyà ló sì ti hù jáde, ó nípọn bí odó, ọwọ́ rẹ̀ sì tó láti bo orí ènìyàn mọ́lẹ̀ pátápátá.

Alápákan ní, "Ọmọ aráyé, ẹni tó bá gba ibí kọjá gbọ́dọ̀ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Kí ló jẹ́ tìrẹ tí kì í gbọ́ tìrẹ? Mo bi ọba kan, ó ní ọmọ òun ni, mo jẹ ẹ́. Mo bi ọlọ́rọ̀ kan, ó ní ìyàwó òun ni, mo jẹ òun náà, mo sì fi èèpẹ̀ nu ẹnu."

Ọdẹ́sànmí kò mọ èsì. Ó kúkú fa àdá yọ, ó nà á sókè kí ó fi ṣá a. Èjìká yẹ̀. Àdá bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin náà sì wólẹ̀ lórí eékún, ó di apá rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Èjìká mi ni! Èjìká mi ló jẹ́ tèmi tí kì í gbọ́ tèmi! Òun ló jẹ́ kí n ju ìyàwó mi sódò. Bí o bá fẹ́ jẹ mí, tètè jẹ mí."

Alápákan wò ó títí. Ó bá jókòó tì í, ó fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ fa apá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, egungun sì wọlé. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń béèrè, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí kò dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Máa lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ ìwọ, n kò ní tíì lọ." Ọdẹ́sànmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń lọ. Ẹ̀yin náà rí i pé ẹni tí orí ń gbóná kì í gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ìlú abẹ́ omi wà ní ẹsẹ̀ àpáta kan. Omi dúró níbẹ̀ lóòró bí aṣọ tí a ta, iyanrìn gbígbẹ sì wà níwájú rẹ̀. Bàbá kan tí ìkarahun bo ojú rẹ̀ ló ń ṣọ́ ibẹ̀, Adènà ni wọ́n ń pè é. Òkúta pọ̀ yí i ká, tóbi tó ènìyàn.

Ọdẹ́sànmí dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ìṣọ́ o. Ìyàwó mi ni mo wá mú."

Adènà ní, "Wọ́n máa ń wá. Gbọ́ òfin. Ọwọ́ tó tú u sílẹ̀ nìkan ni o lè tì bọ inú omi yìí. Bí o bá fi ẹsẹ̀ wọlé, wàá di ọ̀kan lára àwọn òkúta wọ̀nyí. Àwọn ọkọ tó kánjú ni gbogbo wọn. Pè é, dì í mú, kí o sì fà á bí ẹni ń fa ìgbín jáde nínú ìkarahun. Apá rẹ ńkọ́?"

"Ó le, Bàbá."

Adènà yà fún un. Ọdẹ́sànmí pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró sì yọ sí i láti inú omi náà, aṣọ rẹ̀ kò tutù, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, ẹ ti pẹ́." Ọdẹ́sànmí ti ọwọ́ bọ inú omi, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná bí ti alààyè. Nígbà tó mọ ìgbóná yẹn lára, ọgbọ́n inú rẹ̀ fò lọ. Adènà ń pariwo pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́!" ṣùgbọ́n ó ti fi gbogbo agbára ọdẹ já ọwọ́ náà gbà. Ẹsẹ̀ kan Àwẹ̀ró ti tẹ iyanrìn. Ẹ gbọ́ mi, ẹsẹ̀ kan ti tẹ iyanrìn, tòun ti ìka márààrún, nígbà tí èjìká yẹ̀, tí omi sì fà á padà.

Ohùn tí Ọdẹ́sànmí fi ké níbẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ní irú rẹ̀ nínú. Adènà jẹ́ kó ké tán. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. O lè padà wá bí apá rẹ bá ti gbọ́n. Ìlú Fẹ̀sọ̀ wà lẹ́yìn òkè yẹn, kí o béèrè Ìyá Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé omi á dúró dè ọ́ sójú kan."

Ìlú Fẹ̀sọ̀! Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ lóòórọ̀ níbẹ̀, ọ̀sán ni yóò kí ọ tán. Adìyẹ wọn á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á kọ́kọ́ ronú kó tó gbé e sílẹ̀. Èmi tí mo yára bí ìjì yìí, n kò lè gbé níbẹ̀, ìbínú ni yóò pa mí. Ìyá Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó fọwọ́ kan èjìká àlejò rẹ̀ yíká, ó ní, "Odó tí kò jìn, ọmọ odó tó tóbi jù ú lọ. Kí ni kì í jẹ́ kó ṣubú?"

Ọdẹ́sànmí ní, "Agbára ni, Ìyá."

"Rárá o. Okùn ni. Èjìká jẹ́ ọmọ odó ńlá lórí odó pẹlẹbẹ. Okùn ló yí i ká tó ń dì í mú. Tìrẹ ti já, ìyókù sì ti dẹ̀. Agbára tí ò ń fọ́nnu yẹn ló ń tì í síta. Ṣé ìwọ yóò gbọ́ tèmi?"

"N ó gbọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń bẹ nínú omi."

Ìyá náà ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o gbọ́."

Ó so apá náà mọ́ ọn láyà. Ó ní kó máa ṣí ìka, kó máa pa á dé, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ tó ti pa ẹfọ̀n jókòó, ó ń ṣí ìka, ó ń pa ìka dé. Ìgbà náà ni iwin kan wá ń jókòó tì í. Kíákíá ni wọ́n ń pe iwin náà, ojú rẹ̀ jọ ti Ọdẹ́sànmí gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í kanlẹ̀. A máa ní, "Ọkùnrin bí ìwọ! Ìyàwó rẹ wà nínú omi, ìwọ ń fi ìka ṣeré bí ìkókó." Ọdẹ́sànmí á ta orí nù, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Ìyá tú aṣọ. Ó ní kó tẹ̀ síwájú, kó jẹ́ kí apá máa fì lọ, kó máa fì bọ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú un lọ sí ìdí ògiri, ó ní kó máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ògiri, kí ògiri má ṣí, kí apá má sì ṣí. Ó fún un ní ìtàkùn kan tó ń fà bíi rọ́bà. Ó ki èso àgbálùmọ̀ sáàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ìhà rẹ̀, ó ní bó ṣe ń fa ìtàkùn síta, èso kò gbọ́dọ̀ bọ́. Ó bọ́ títí. Ọdẹ́sànmí ní òun kò tíì kórìíra nǹkan kan láyé òun bí òun ti kórìíra àgbálùmọ̀ yẹn. Ìyá á mú un, á tún un ki bọ ibẹ̀, á ní, "Ó kù díẹ̀." Ó kìlọ̀ fún un pé, "Má tíì gbé ọwọ́ sókè kí o yí i síta bí ẹni fẹ́ ju òkò. Ibẹ̀ lo ti máa ń sọ ọ́ nù."

Apá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ó ń gbé igbá, ó ń gbé ìkòkò òfìfo dé àyà. Ibẹ̀ ni Kíákíá ti rí i mú. Iwin náà sáré wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ọdẹ́sànmí! Mo ń bọ̀ láti ẹnu omi. Àwẹ̀ró ń ké, ó ń fi orúkọ rẹ ké. Bó o bá ṣì ń dúró de àgbálùmọ̀, dúró o." Ọkùnrin náà fò dìde. Ó gbé ìkòkò omi tó kún, ó nà án sókè orí láti fi hàn ara rẹ̀ pé ó ti tó. Àwọn okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ̀ tún fà ya, orí egungun bọ́ sí iwájú, ìkòkò sì fọ́ sí i lórí.

Ìyá Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kò pariwo. Ó dá egungun padà, ó mú aṣọ, ó tún apá náà so mọ́ ọn láyà. Ó ní, "A ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọdẹ́sànmí ní, "Ìyá, ìgbà wo ni n ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Ìyá ní, "Ọmọ mi, ìbá ti kù díẹ̀." Ó yíjú kúrò, Ọdẹ́sànmí sì rí i pé omijé wà lójú òun náà. Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣí ìka, ó ń pa ìka dé. Kíákíá padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ọdẹ́sànmí ní, "Mo ń gbọ́ ẹ," kò sì gbé ojú sókè. Iwin náà ń joro títí ó fi tó èkúté, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ.

Òjò lọ, òjò dé, òjò tún lọ. Ní ọjọ́ kan, Ìyá kó omi kún ìkòkò ńlá, ó ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan gbé e sókè orí. Ó gbé e. Ìyá ti ìkòkò náà láti ẹ̀gbẹ́, ó tún tì í láti ẹ̀yìn. Omi mì, apá dúró. Ìyá ní, "Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Máa lọ." Ọdẹ́sànmí dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì gba ọ̀nà ẹnu omi lọ. Kò sáré.

Adènà rí i lókèèrè, ó dìde fún un. Ó ní, "Apá rẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ń gbọ́ tèmi báyìí, Bàbá."

Ó pe Àwẹ̀ró. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó yọ, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wò ó, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́. Ọdẹ́sànmí ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ omi, ó dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á pẹ̀lẹ́, ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, egungun èjìká sẹ́yìn, bí wọ́n ti kọ́ ọ. Èjìká kò mì. Àwẹ̀ró ń bọ̀, orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́sànmí ti rí ọ̀já tó so mọ́ àyà rẹ̀, tó sì rí orí kékeré tó yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, ẹ dúró. Ẹ má fà mọ́."

"Ọmọ ta nìyẹn?"

"Ọmọ yín ni. Mo ti lóyún rẹ̀ lọ́jọ́ afárá, n kò tíì mọ̀ dájú ni n kò fi sọ. Ìhín ni mo bí i sí."

Adènà bá sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Èémí omi ni ọmọ yẹn kọ́kọ́ mí. Bó bá dé orí iyanrìn, bí ẹja ni yóò rí. Ìyá rẹ̀ lè jáde. Nígbà tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹ iyanrìn, inú ni ọmọ wà, àwọn méjèèjì ìbá jọ jáde."

Ọdẹ́sànmí di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ṣinṣin. Èjìká tó ti já a kulẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá dúró gbọn-in, bó bá fà díẹ̀ sí i, ìyàwó rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo ojú Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró kò bẹ̀ ẹ́, kò sì sọ pé kó tú òun sílẹ̀. Ó kàn fi ọwọ́ kejì bo orí ọmọ náà. Ọdẹ́sànmí ní òun fẹ́ fà á. Ó ní kí n sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè pé òun fẹ́ fà á. Ṣùgbọ́n ó dẹ ọwọ́, ó jẹ́ kí ó padà sínú omi dé ibi tó ti lè dúró.

Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Àwẹ̀ró ní, "Kò ní. Ta ni ìbá sọ ọ́ lórúkọ? Ẹ̀yin ni mo ń retí. Ọmọ là ń pè é."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ rò ó wò. Ọmọ tó ti ń rìn, tí kò lórúkọ, nítorí pé bàbá rẹ̀ ń kọ́ apá níṣẹ́. Ọdẹ́sànmí bẹ Adènà. Adènà ní, "O lè gbé e sókè kúrò nínú omi níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi sé èémí. Ọwọ́ kan náà ni o. Bó bá bọ́ sórí iyanrìn, ó parí." Àwẹ̀ró tú ọ̀já, ó gbé ọmọbìnrin náà jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́sànmí gbé e. Ó gbé e kọjá àyà, ó gbé e kọjá orí, ó nà án dé òkè pátápátá níbi tí oòrùn ti bà á lójú. Ọmọ náà ta ẹsẹ̀, ó yí ara, ó rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀. Apá náà dúró.

Ó ní, "Ọdẹ́kòyẹ̀. Ọdẹ́kòyẹ̀ ni orúkọ rẹ, ọmọ mi."

Ó sì gbé e sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwẹ̀ró pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè, ó ní ó dára. Adènà ní, lọ́dọọdún bí omi bá fà, ó lè padà wá gbé ọmọ rẹ̀ sókè, níwọ̀n ìgbà tí apá rẹ̀ bá ṣì lè gbé e. Ọjọ́ tí apá kò bá gbé e mọ́, ẹnu ọ̀nà á sé.

Ohun tó jẹ́ kí ẹ máa rí bàbá arúgbó yẹn nídìí ògiri láràárọ̀ nìyẹn, tó ń ti ògiri, tó ń fa ìtàkùn, tó ń gbé ìkòkò omi sókè, sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan nínú yín máa ń fi í ṣe ẹ̀rín, mo mọ̀ yín. Èmi náà bi í léèrè rí. Mo ní, "Ọdẹ́sànmí, èjìká ti san láti ìgbà pípẹ́, kí lo tún ń wá?" Ó ní, "Akíntúnlẹ̀, ọmọ ń wúwo sí i." Mo wo irun rẹ̀ tó ti funfun, mo wo apá rẹ̀ tó ti ń tín-ínrín, n kò rí nǹkan sọ. Ẹ mọ̀ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, mo lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀. Mo kí i, mo ní báwo ló ṣe lọ. Ó ń fi ọwọ́ òsì ra èjìká ọ̀tún bí a ti ń rìn. Ó ní òun gbé e, èjìká kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ náà kò kúrò nínú omi tán.

Ẹ dìde o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu mi ti gbẹ. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé, kó lọ gbé e.